Sorbinil nínú ojú ènìyàn: ìtàn oògùn kan tó ṣiṣẹ́ lára eku

Ọdún 1990 ni èsì ìdánwò sorbinil jáde, oògùn kan tí wọ́n retí pé yóò dáàbò bo ojú alátọ̀gbẹ. Ènìyàn 497 ni wọ́n kó jọ, gbogbo wọn ló ní àtọ̀gbẹ, irú tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ínsúlínì ni ènìyàn fi ń gbé e. Rẹ́tínà wọn, ìyẹn awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀, kò tíì bàjẹ́ rárá tàbí kó jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní sorbinil, mílígíráàmù 250 lójúmọ́, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní hóró tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn kankan nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń gbé mì, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ náà kò mọ̀. Wọ́n ń ya fọ́tò ẹ̀yìn ojú wọn láti ìgbà dé ìgbà. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, ìdajì wọn ti lò ju oṣù 41 lọ lẹ́nu ìdánwò náà.

Rẹ́tínà ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo sorbinil ti bàjẹ́ sí i ní ìpele méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára àwọn tí kò lò ó, ìdá 32 ni. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn ló mú un wá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rí tọ́ka sí ni pé àwọn kókó pupa kéékèèké tó máa ń wú lára òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ́tínà fi díẹ̀ falẹ̀ ní pípọ̀ sí i lára àwọn tó lo oògùn ju lára àwọn yòókù lọ. Èyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn máa torí rẹ̀ gbé oògùn mì lójoojúmọ́ ayé rẹ̀.

Èsì yìí dun àwọn tó mọ ìdí ọ̀rọ̀, nítorí sorbinil kì í ṣe oògùn tí wọ́n ṣèèṣì rí he. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń tọ ipa ohun tó ń ṣe, láti inú ìgò yàrá ìwádìí dé ara eku, láti ara eku dé ẹsẹ̀ ènìyàn. Ibi gbogbo tí wọ́n ti bi í léèrè ló ti dáhùn dáadáa, àfi ìgbà tó dé rẹ́tínà. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè lẹ́ńsì, ìyẹn dígí tó mọ́ gaara nínú ojú, ni wọ́n gbé lọ bi rẹ́tínà, wọn kò sì dúró pẹ́ tó láti gbọ́ ohun tí rẹ́tínà fẹ́ sọ.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀lì. Bí glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bá wọlé, ẹ́nsáìmù (èròjà tó ń sọ nǹkan kan di òmíràn nínú ara) tó ń jẹ́ hexokinase ló máa ń kọ́kọ́ gbá a mú. Ojúkòkòrò rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó tètè ń yó. Ẹ́nsáìmù kejì, aldose reductase, èyí tí sorbinil ń dí lọ́wọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn glúkóòsì. Nígbà tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá wà níbi tó yẹ kó wà, nǹkan bíi mílímóòlù 5 nínú lítà kan, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ aldose reductase kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n bí ṣúgà bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, tí hexokinase ti yó, ohun tó ṣẹ́kù di ti aldose reductase, ìpín rẹ̀ sì lè tó ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Sorbitol ni ó ń sọ glúkóòsì náà dà. Ẹ́nsáìmù kẹta, sorbitol dehydrogenase, yóò wá sọ sorbitol di fructose, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ń falẹ̀. Kì í sì í rọrùn fún sorbitol láti la awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá. Bó bá ti pọ̀ nínú ilé, inú ilé ló máa jókòó sí.

Kì í ṣe gbogbo ara ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹran ara tí a fi ń rìn tí a fi ń gbé nǹkan máa ń dúró de ínsúlínì kó tó gba ṣúgà púpọ̀ wọlé. Lẹ́ńsì ojú, rẹ́tínà àti iṣan ìmọ̀lára kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Iye ṣúgà tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa rọ́ wọ inú wọn, yálà ínsúlínì wà tàbí kò sí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ojú àti ẹsẹ̀ wà lára ibi tí àtọ̀gbẹ ti ń kọ́kọ́ fi ara hàn.

Ọ̀nà tí glúkóòsì ń gbà di sorbitol àti fructose yìí, tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà polyol, kì í ṣe ibi àtọ̀gbẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Henri-Géry Hers, ọmọ orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, ló rí i ní 1956 nígbà tó ń wá bí àgùntàn ṣe ń rí fructose tó wà nínú àtọ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ruth van Heyningen ní Oxford wo lẹ́ńsì ojú eku tó ní àtọ̀gbẹ, ó sì bá sorbitol níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ di ti ojú.

Jin Kinoshita, ará Amẹ́ríkà, ló wá sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè fojú rí, mo sì fẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni agbára àti ewu ìtàn yìí wà. Òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ yọ lẹ́ńsì ojú ehoro, wọ́n fi í sínú omi tí wọ́n da galactose, irú ṣúgà kan, sí. Galactose ni wọ́n lò torí pé aldose reductase máa ń tètè gbá a mú ju glúkóòsì lọ, galactitol ni ó sì ń sọ ọ́ dà. Sorbitol dehydrogenase kò mọ ohun tó ń jẹ́ galactitol rárá, nítorí náà ohun tó bá wọlé kò ní ọ̀nà àbáyọ kankan. Galactitol ń kó jọ, omi ń tẹ̀lé e wọlé. Lẹ́ńsì náà wú, àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ kún fún omi, pótásíọ̀mù ń jò jáde, sódíọ̀mù ń rọ́ wọlé, dígí tó mọ́ gaara sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, bí galactitol ṣe ń pọ̀ nínú lẹ́ńsì ni wọ́n ń mú kí omi ìta náà ki sí i, kí inú àti ìta lè máa dọ́gba. Galactitol kó jọ bíi ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì kò wú, ọ̀pọ̀ ìbàjẹ́ tó ń tẹ̀ lé wíwú kò sì wáyé.

Ẹ wo bó ṣe ṣe rẹ́gí. Ṣúgà náà wà níbẹ̀ ní méjèèjì, ẹ́nsáìmù wà níbẹ̀ ní méjèèjì, omi nìkan ni wọ́n yí padà. Ó wá hàn gbangba pé, nínú lẹ́ńsì, omi tí sorbitol àti irú rẹ̀ ń fà mọ́ra ló ń dá kátárákì, ìyẹn lẹ́ńsì tó ṣú, sílẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, oògùn tó bá dí aldose reductase lọ́wọ́ yóò dá kátárákì dúró bí ṣúgà bá tilẹ̀ ṣì ga. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lára eku, ó rí bẹ́ẹ̀: ṣúgà eku kò wálẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́. Ní 1995 ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ tún wá dé. Lẹ́ńsì eku kékeré tí wọ́n ń sìn ní yàrá ìwádìí kì í ní aldose reductase púpọ̀, kátárákì kì í sì í tètè mú un bó bá tilẹ̀ ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n fi jíìnì ẹ́nsáìmù yìí láti ara ènìyàn sínú lẹ́ńsì rẹ̀, kátárákì sì bẹ̀rẹ̀.

Iṣan ìmọ̀lára ńkọ́? Ní 1966, Kenneth Gabbay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé sorbitol àti fructose ń pọ̀ nínú iṣan eku tó ní àtọ̀gbẹ. Ó rọrùn láti sọ pé ohun kan náà ni, ọ̀pọ̀ ló sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sorbitol inú iṣan kì í pọ̀ tó ti inú lẹ́ńsì, kò tó èyí tí yóò fa omi títí tí iṣan yóò fi bẹ́. Ohun mìíràn ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí sorbitol bá ń pọ̀, myo-inositol, èròjà kan tí iṣan nílò, máa ń dín kù, ẹ̀rọ tó ń fa sódíọ̀mù jáde tó ń fa pótásíọ̀mù wọlé á rẹ̀wẹ̀sì, ìròyìn tí iṣan ń gbé á sì máa falẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbogbo ìgbà tí aldose reductase bá sọ glúkóòsì kan di sorbitol, ó ń ná NADPH kan. NADPH yìí kan náà ni sẹ́ẹ̀lì fi ń sọ glutathione di tuntun láti gbógun ti ìpalára tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ń ṣe. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe nitric oxide tó ń mú òpó ẹ̀jẹ̀ là kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ iṣan. Nínú iṣan, nígbà náà, ohun tí ọ̀nà polyol ń run lọ́nà léwu ju ohun tó ń kó jọ lọ. Fructose tó ń gbẹ̀yìn náà kì í ṣe ọmọlúàbí: ó máa ń yára lẹ̀ mọ́ àwọn purotéènì, ó sì ń bà wọ́n jẹ́.

Nínú eku, oògùn adínà ẹ́nsáìmù yìí mú kí ìyára iṣan padà sípò. Nínú ènìyàn, ní 1983, wọ́n fún aláìsàn àtọ̀gbẹ 39 ní sorbinil fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, wọ́n sì wọn bí iná ìròyìn ṣe ń sáré nínú iṣan wọn. Ní iṣan ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní peroneal, ó fi nǹkan bíi mítà 0.7 yára sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó jẹ́ òótọ́, kì í ṣe èèṣì. Ṣùgbọ́n iṣan ẹsẹ̀ ènìyàn tí ara rẹ̀ dá máa ń sáré ju mítà 40 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mo bá wà níbẹ̀ nígbà náà, ìyàtọ̀ tó kéré tó yìí ì bá ti mú mi béèrè bóyá oògùn náà ń dí ẹ́nsáìmù tán nínú iṣan àbí ó kàn ń dí i lápá kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí wọ́n tó dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ́tínà. Wàhálà kọ́kọ́ ti ibi tí wọn kò wò yọ. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ara ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo sorbinil kọ̀ ọ́: ara wọn ń sú, ibà ń mú wọn. Ìdílé kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní hydantoin ni sorbinil ti wá, ìdílé kan náà pẹ̀lú phenytoin tí wọ́n fi ń tọ́jú wárápá, phenytoin náà sì ní orúkọ burúkú yìí. Ìdí tí wọ́n fi yan ìdílé náà ni pé ó ń wọ inú ara dáadáa. Àwọn oògùn adínà yòókù jẹ́ ásíìdì, nínú ẹ̀jẹ̀ wọ́n máa ń gba iná mọ́ra, ìyẹn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n rọrùn wọ sẹ́ẹ̀lì. Èyí tó ń wọlé dáadáa ni ara ń kọ̀, èyí tí ara ń gbà kì í wọlé tó.

Ní ti rẹ́tínà fúnra rẹ̀, kò jọ lẹ́ńsì. Lẹ́ńsì kò ní òpó ẹ̀jẹ̀ kankan, ó dá wà nínú omi ojú, aldose reductase pọ̀ nínú rẹ̀, sorbitol tó bá kó jọ kò sì rí ibi gbà lọ. Àìsàn rẹ́tínà, àìsàn òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń di òpó náà mú lára ń kú, awọ ìdí òpó ń nípọn, ògiri rẹ̀ ń jò, àwọn mìíràn dí pátápátá. Aldose reductase wà níbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ní 2001, olùwádìí Michael Brownlee to ọ̀nà mẹ́rin jọ tí ṣúgà tó pọ̀ jù ń gbà ba irú òpó bẹ́ẹ̀ jẹ́, ọ̀nà polyol sì jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn. Ẹni tó bá dí ọ̀kan, mẹ́ta ṣì ṣí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù ni ti àkókò. Ní 1993, èsì ìdánwò ńlá DCCT jáde ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ènìyàn 1,441 ló wà nínú rẹ̀, ó sì fi hàn pé fífi ọwọ́ líle mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ dín ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn rẹ́tínà kù ní ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí oògùn adínà kankan tó sún mọ́ ìyẹn. Síbẹ̀, bí a bá wo àwòrán èsì náà dáadáa, àwọn tí rẹ́tínà wọn kò tíì bàjẹ́ rárá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìlà àwọn tó ń fi ọwọ́ líle mú ṣúgà àti ìlà àwọn yòókù jọ ń lọ pọ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó pínyà. Bí wọ́n bá parí DCCT ní oṣù 36, wọn ì bá ti kéde pé mímú ṣúgà wálẹ̀ kò ran ojú. Ìdajì àwọn ènìyàn ìdánwò sorbinil kò tilẹ̀ lò ju oṣù 41 lọ. Wọ́n sì fẹ́ kí oògùn náà ti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn láàárín ìgbà yẹn.

Mi ò sọ pé àkókò nìkan ló fà á. Ní ọdún 1993 kan náà, àwọn olùwádìí Engerman àti Kern tẹ èsì tiwọn jáde: ọdún márùn-ún ni wọ́n fi fún àwọn ajá tó ní àtọ̀gbẹ àti àwọn ajá tí wọ́n ń fi galactose bọ́ ní sorbinil, rẹ́tínà wọn sì bàjẹ́ bó ṣe yẹ kó bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ di ẹ̀bi ru àkókò ní láti kọ́kọ́ dáhùn fún àwọn ajá yìí. Mo gbà pé méjèèjì ló jọ ṣiṣẹ́: àkókò kò tó, àti pé, kódà ká sọ pé ó tó, rẹ́tínà kì í ṣe ibi tí polyol ti jẹ́ baálẹ̀.

Iṣan ìmọ̀lára ló wá fún ìtàn yìí ní apá kejì. Ní 1999, èsì zenarestat, oògùn adínà mìíràn, jáde. Àwọn olùwádìí gé iṣan sural díẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn aláìsàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n wọn sorbitol tó kù nínú rẹ̀ gan-an. Ibi tí sorbitol ti dín ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ni iye fọ́nrán tín-ín-rín inú iṣan ti pọ̀ sí i. Ibi tí kò ti dín tó bẹ́ẹ̀, asán ni. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ìdánwò àtẹ̀yìnwá tí wọ́n fi sọ pé oògùn adínà kò wúlò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn kò dí ẹ́nsáìmù tó rárá. Àmọ́ kíndìnrín kò gba ìwọ̀n zenarestat tí iṣan ń fẹ́, wọ́n sì pa á tì. Tolrestat, òun náà oògùn adínà, ti lọ ṣáájú rẹ̀: ó dé ọjà ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ó ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́ títí dé ojú ikú, wọ́n sì kó o kúrò ní 1996.

Nínú àwọn oògùn adínà yìí, epalrestat nìkan ló dúró. Ní Japan ni wọ́n ti ń lò ó láti 1992, mílígíráàmù 50 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ kí ènìyàn tó jẹun. Ìdánwò ọlọ́dún mẹ́ta kan tó jáde ní 2006 fi hàn pé iṣan median ní apá àwọn tó lò ó ń sáré ju ti àwọn tí kò lò ó lọ pẹ̀lú mítà 1.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí pé ti àwọn yòókù ń falẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tó ń lo oògùn nínú ìdánwò náà, ìyẹn sì ń sọ ẹ̀rí di ẹlẹgẹ́ bí a bá ń béèrè nípa ara kíkú tàbí ẹsẹ̀ títa. Ìyára iṣan kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti ìrètí ènìyàn, mo sì gbà á gbọ́ ju ti àwọn àmì yòókù lọ. Ara àwọn tí ṣúgà wọn kò ga jù, tí àìsàn wọn kò tíì jinlẹ̀, ló ti ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún lè rí i kí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n. Àwọ̀ oògùn ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Kì í sì í mú ṣúgà wálẹ̀ rárá, nítorí náà kò gba ipò ínsúlínì tàbí oògùn ṣúgà mìíràn.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lọ pé sorbitol lè ba iṣan jẹ́ kò tilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ alátọ̀gbẹ wá. Ní 2020, àwọn olùwádìí kéde pé wọ́n rí ìdílé tí àwọn ọmọ wọn ti jogún jíìnì SORD tó bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. SORD ni jíìnì sorbitol dehydrogenase, ẹ́nsáìmù kẹta yẹn. Àwọn ènìyàn yìí kò ní àtọ̀gbẹ, ṣúgà wọn wà níbi tó yẹ, ṣùgbọ́n sorbitol inú ẹ̀jẹ̀ wọn ju ti ẹlòmíràn lọ ní ìlọ́po tó lé ní ọgọ́rùn-ún, iṣan tó ń darí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ wọn sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dá irú àìsàn náà sílẹ̀ lára eṣinṣin èso. Wọ́n wá fún àwọn eṣinṣin náà ní epalrestat àti ranirestat, oògùn adínà mìíràn, sorbitol wọn lọ sílẹ̀, ìrìn wọn sì dára sí i.